Bí aláìsàn bá ní "A dúpẹ́": ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìdààmú ọkàn lọ́sibítù

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà, ní ọsibítù ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá. Ẹnu àwọn ẹbí aláìsàn ni mo ti gbọ́ àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí: lórí àtẹ̀gùn, níwájú ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ní ìdí géètì nígbà tí mo bá ń relé. Púpọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó la ẹnu, bí ẹni pé ohun ìtìjú ni wọ́n fẹ́ béèrè. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò rí nọ́ọ̀sì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ta ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ lọ́sibítù? Kí ló wá yàtọ̀ nínú ìdààmú tí ẹ̀ ń sọ yìí?

Òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n gbé wọlé lánàá, tí abẹ́rẹ́ wà lápá rẹ̀, tí ẹni tó sùn tì í ń kérora mọ́jú, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bà á. Á sunkún, á ṣàárò ilé. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá dé lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ á là, á jẹ àmàlà díẹ̀, á béèrè ẹni tó ń bá òun ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tó bá jókòó ti ènìyàn tí kò lọ mọ́. Ọkàn ti wúwo débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, oorun ò wá, oògùn ò wù ú lò, kò sì gbà mọ́ pé ọ̀la wà fún òun. Àròkàn wà nínú rẹ̀, ìpayà wà nínú rẹ̀, ìsoríkọ́ náà wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ó máa ń fà wá sẹ́yìn nínú ìtọ́jú ara pẹ̀lú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kò ní gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kó máa gbé lójoojúmọ́ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Egbò kan náà á máa dùn ún ju bó ṣe ń dun ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Cicely Saunders, ẹni tó dá St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú fún àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, sílẹ̀ lọ́dún 1967, kọ́ àwọn oníṣègùn pé ìrora ẹni tí àìsàn ńlá ń ṣe pín sí mẹ́rin: ti ara, ti ọkàn, ti ilé àti owó, ti ẹ̀mí. Ẹni tó bá fún aláìsàn ní oògùn ti ara nìkan ti fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀. Ní UCH Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tó ń fi ìmọ̀ yìí tọ́jú ènìyàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo sì wà lára àwọn tó ṣáájú nínú iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé "A dúpẹ́" ṣáá ni màmá mi ń sọ?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣìnà. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí láàárọ̀. Àwọn dókítà á dé, wọ́n á tó mẹ́fà tàbí méje, wọ́n á dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ọ̀gá wọn á ní, "Màmá, ṣé ara ti ń mókun?" Màmá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "A dúpẹ́ o, ẹ ṣé, Ọlọ́run á ṣe yín lóore." Wọ́n á kọ nǹkan sínú fáìlì, wọ́n á kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ní aago méjì òru, màmá kan náà á di ọwọ́ obìnrin tó ń nu ilẹ̀ mú, á ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́ má tíì lọ, ẹ̀rù ń bà mí."

Kò purọ́ láàárọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi dáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ẹni tó bá kí ni, a kì í da ẹrù lé e lórí, pàápàá ẹni tó dúró, tó ń kánjú, tó sì mú ènìyàn mẹ́fà dání. Nítorí náà, ẹ má ka "A dúpẹ́" sí ìròyìn nípa ọkàn rẹ̀. Ìkíni ló fi dá ìkíni padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkàn ti máa ń yọ jáde nínú èdè wa ni ara. Ẹ ó gbọ́ "Orí mi ń gbóná." "Àyà mi ń já." "Nǹkan kan ń rìn lára mi bí èèrà." "Inú ń ta mí, mi ò mọ ibi tó wà gan-an." Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí àìsàn lára. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ́ wò, torí àyà tó ń já lè jẹ́ ti ọkàn-àyà fúnra rẹ̀, orí tó ń gbóná sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọn ò rí nǹkan, tó sì jẹ́ pé òru ló máa ń le, tàbí kété tí ẹni tó wá sọ̀rọ̀ owó bá ti jáde, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ tún wo ohun tí kò ṣe mọ́. Ìyá tó máa ń ní kí wọ́n bá òun di irun kó tó di ọjọ́ Ẹtì, tó wá fi irun sílẹ̀. Bàbá tó máa ń béèrè rédíò, tí rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò tàn án. Fóònù ń dún, ó ń wò ó. Ó kọ ojú sí ògiri látàárọ̀. Ó ń jí ní aago mẹ́ta ìdájí, kò sì padà sùn. Ti àwọn ọkùnrin máa ń fara hàn bí ìbínú: ó ń kígbe mọ́ nọ́ọ̀sì, ó ń da tíì nù, ó ní kí wọ́n yọ dírípù kúrò lọ́wọ́ òun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní alágídí ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Kí ni mo lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní dà bí àrífín?

Ẹ kọ́kọ́ jókòó. Mo mọ̀ pé ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró dà bí ẹni tó fẹ́ lọ. Ẹ wá àga, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé. Kí àwọn àlejò ti lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá lè fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì ká, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo máa ń sọ pé, "Màmá, mo gbọ́ pé ẹ ní a dúpẹ́. Ọkàn yín ńkọ́?" Mo máa ń dákẹ́ síbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ṣòro jù fún wa, ẹnu á máa yún wa. Ẹ jẹ́ kó gùn.

Ìbéèrè méjì kan wà tí àwọn oníṣègùn ń lò káàkiri ayé, ẹ̀yin náà lè lò wọ́n. Èkíní: láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé ó ti ń ṣe yín bíi pé ohunkóhun ò wù yín ṣe, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́ yín mọ́? Èkejì: ṣé inú yín ti ń bàjẹ́, ṣé ọkàn yín ti ń rẹ̀wẹ̀sì, bí ẹni pé kò sí ìrètí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ sọ fún dókítà. Èyí tó gùn tí wọ́n ń pè ní PHQ-9 ní ìbéèrè mẹ́sàn-án, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 27, ẹni tó bá sì gba 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ ní àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Tiyín ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì gbọ́.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ ni yín, tí ẹ rí i pé ìyá yín kò lè tú inú fún yín, ẹ wá ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo rántí ìyá kan tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Orúkọ tó wà nínú fáìlì la fi ń pè é, àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní bẹ́ẹ̀dì 9. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti oko lọ́jọ́ kẹrin, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ké pè é ní oríkì rẹ̀: "Àníkẹ́!" Ó wá ń kì í bọ̀ títí tó fi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá náà bú sẹ́kún, ẹkún tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ní kí wọ́n fún òun ní ògì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè oríkì àwọn àgbàlagbà tí mo bá ń gbà wọlé.

Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún ńkọ́? Kí ni kí n sọ?

Ẹ má kánjú sọ nǹkan kan. Ẹ mú ọwọ́ rẹ̀, bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ lè mú lọ́wọ́. "Pẹ̀lẹ́" tó. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì gba nǹkan púpọ̀.

Ohun tí kò dáa ni ká máa dì í lẹ́nu: "Ẹ má sunkún mọ́." "Ẹ ò rí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì yẹn, tiẹ̀ ju tiyín lọ." "Ẹ jẹ́ ọkùnrin." Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n fi mí sí wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ. Obìnrin kan bí òkú ọmọ, oyún oṣù mẹ́jọ. Àyè ò sí, ni wọ́n bá fi í sáàárín àwọn tó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Mo lọ bá a, mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ọlọ́run á fún yín ní òmíràn." Ó wò mí, ó ní, "Èyí ńkọ́?" Ó yíjú sí ògiri, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi lọ sílé. Ó tọ̀nà. Èyí ló ń béèrè. Bó bá jẹ́ lónìí ni, màá bá a wá ibòmíràn sùn, kó má máa gbọ́ igbe ọmọ ọlọ́mọ, màá sì bi í bóyá ó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, bóyá ó ti sọ ọ́ lórúkọ lọ́kàn.

Bàbá mi kò jẹun láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Egbò ti ń jiná. Kí ló tún kù?

Ẹ bi í léèrè, ẹ má rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. A gba bàbá kan bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ló ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Gbogbo wa rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rò, torí awakọ̀ ni. Ó máa ń na ọwọ́ lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, lábẹ́ aṣọ ìbora, á fọwọ́ kàn án wò, á sì mú ọwọ́ padà sí àyà. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó tì í, mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń rò?" Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Níbo ni wọ́n gbé e sí?"

Kò sí ẹni tó sọ fún un. Àgbà ni, ó mọ̀ pé ohun tó bá kúrò lára ènìyàn, ibì kan wà tó yẹ kó wà, ó sì rò pé wọ́n ti dà á nù sórí ààtàn. Àṣé ọmọ rẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ ọsibítù, ó ti gbé e lọ sílé, ó sì ti sin ín sẹ́yìn ilé. Ó fi í pamọ́ fún bàbá kó má bàa bà á nínú jẹ́. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà wá sọ ibi tó wà fún un, ìdí igi ọsàn. Bàbá sùn lóru ọjọ́ yẹn. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan tí à bá gún un tí ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà ń bá àwọn tó ti kú sọ̀rọ̀ lóru. Ṣé wọ́n ti wá mú un ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dáadáa, torí ó lè gba ẹ̀mí là. Bí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lánàá bá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ lónìí, tó ń rí ẹni tí ẹ kò rí, tí kò mọ̀ pé ọsibítù lòun wà, àìsàn ara ló sábà máa ń dà á láàmú dé ọpọlọ. Ó lè jẹ́ àrùn inú ìtọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tó ń wú, ṣúgà tó lọ sílẹ̀, omi ara tó gbẹ, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tó há, oògùn tuntun. Ọkùnrin tó ń mu ọtí lójoojúmọ́ tó sì ṣíwọ́ lójijì nítorí pé ó wà lọ́sibítù lè bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú, tiẹ̀ sì léwu gan-an.

Ẹ fi mọ̀ ọ́n báyìí: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ó máa ń lọ tó máa ń bọ̀, òru ló máa ń le jù, ọkàn rẹ̀ kò sì ní dúró sójú kan. Ẹ ní kó ka ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn, láti Àìkú bọ̀ sí Àbámẹ́ta, bọ̀ sí Ẹtì. Kò ní lè parí rẹ̀. Irú kan tún wà tó dákẹ́: aláìsàn á kàn máa tòògbé, kò ní sọ̀rọ̀, ẹbí á ní "ó ń sinmi." Èyí la máa ń gbójú fò jù.

Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ ní, "Bí ìyá wa ṣe máa ń rí kọ́ nìyí, òní ló bẹ̀rẹ̀." Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, àwa ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Títí wọ́n á fi rí ohun tó fà á, ẹ fi awò ojú rẹ̀ sí i lójú, ẹ ṣí wíńdò lọ́sàn-án, ẹ dín iná kù lóru, kí ẹnì kan tó mọ̀ jókòó tì í, kó máa rán an létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ibi tó wà àti ọjọ́ tí a wà. Ẹ má bá a jiyàn lórí ohun tó ń rí. Bí wọ́n bá tọ́jú ohun tó fà á, orí ọ̀pọ̀ wọn á padà pé.

Jẹjẹrẹ ni dókítà ní ó jẹ́. Ẹbí ní kí wọ́n má sọ fún un. Ṣé a ṣe dáadáa?

Ìfẹ́ ló mú yín ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ irú wọn lóru, mo sì lè sọ fún yín pé àwọn tó pọ̀ jù ti mọ̀. Wọ́n rí bí ẹ ṣe ń dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá jí. Wọ́n rí i pé ọmọ tó wà ní Kánádà ti ń pè lójoojúmọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ fi pamọ́ fún wọn, àwọn náà ń fi pamọ́ fún yín, ẹ̀rù wá ń ba kálukú lóun nìkan nínú yàrá kan náà.

Èrò tèmi ni pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi. "Bàbá, bí èsì àyẹ̀wò bá dé, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ gbọ́, àbí ẹ fẹ́ kí dókítà bá Bùọ̀dá sọ ọ́?" Àwọn kan á ní kí wọ́n bá àkọ́bí sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Àwọn kan á ní òun fẹ́ gbọ́, torí òun ní ilẹ̀ tí òun fẹ́ pín, òun ní ẹni tí òun fẹ́ bẹ̀. Ẹ má gba àkókò yẹn lọ́wọ́ wọn.

Owó ló ń dà á láàmú. Kí ni ọ̀rọ̀ ọkàn lè ṣe sí i?

Bí mo bá ní kó má ronú owó, irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n ń fi ìwé oògùn lé ẹbí lọ́wọ́ níṣojú rẹ̀, ó ń rí i bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣírò lórí fóònù. Ẹ kó ìwé owó kúrò ní ìdí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa gbà á lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní tábìlì. Ẹ béèrè ọ́fíìsì àwọn social worker, ó wà ní àwọn ọsibítù ìjọba ńlá, iṣẹ́ wọn sì ni láti wo bí wọ́n ṣe lè ran ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a lọ́wọ́. Ẹ tún béèrè nípa ìbánigbófò ìlera. Òfin tó dé lọ́dún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ òótọ́ fún aláìsàn nípa èyí tí ẹ ti san. Iye tó ń rò lọ́kàn máa ń ju iye gangan lọ.

Ó ní ayé ló ń ṣe òun. Ṣé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì?

Èmi náà ń gbàdúrà, mo sì ti gbàdúrà pẹ̀lú aláìsàn, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Ẹ jẹ́ kí àlùfáà tàbí àáfà wá, bí aláìsàn bá fẹ́ ẹ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n má fi ìyà ààwẹ̀ jẹ ẹni tó ní ṣúgà, kí wọ́n má sì ní kó pa oògùn tì. Bó bá ní ayé ló ń ṣe òun, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bá a wá ọ̀tá kún un. Ẹ bi í pé, "Kí ló bà yín lẹ́rù jù nínú rẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ máa ń jẹ́ ohun tí a lè bá a gbé.

Ó ní ó sàn kí òun kú. Ṣé kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́?

Rárá o. Ẹ bi í gbangba: "Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ pa ara yín?" Ìbéèrè yẹn kò ní gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ó máa ń tú ẹni tó ti ń dá a gbé sílẹ̀ ni. Ẹlòmíràn á ní, "Rárá, ó kàn ti sú mi ni." Ẹlòmíràn á dákẹ́, tàbí á sọ ọ̀nà tó ti rò. Ní ti èyí, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, bó ṣe ìṣẹ́jú kan. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ kó oògùn àti ohun tó mú ṣáṣá kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ sọ ohun tó sọ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Bó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ò lè bá a pa àṣírí yẹn mọ́. Bó bá jẹ́ ilé ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e wá sọ́sibítù, tàbí kí ẹ pe 112.

Mo mọ ohun tó ń mú àwọn ẹbí fi í pamọ́. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti gúúsù Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí i fún ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 yí i padà, ó ní kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ fún ìtọ́jú. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, a kì í pe ọlọ́pàá sí ẹni tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. A máa ń pe dókítà.

Wọ́n ní dókítà ọpọlọ fẹ́ wá wò ó. Ṣé ó ti ya wèrè ni?

Kò ya wèrè. Bí dókítà eyín ṣe ń wo eyín ni dókítà yìí ń wo ìsoríkọ́, ìpayà, àìróorunsùn. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ló máa lò, ó lè fi oògùn kún un. Bó bá fún un ní oògùn ìsoríkọ́, ẹ ní sùúrù: ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí aláìsàn tó mọ ìyàtọ̀, a kì í sì í dá a dúró lójijì.

Ilẹ̀ wa ló ti fi nǹkan kan han ayé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sínú ilé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, dípò kó tì wọ́n mọ́lé. Ẹbí kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Lambo rí i pé ojúlùmọ̀ wà nínú ìtọ́jú. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ló wá rọ́pò òfin àtijọ́ tó ti wà láti ayé òyìnbó, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an pe aláìsàn ní wèrè.

Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kú lóru. Ṣé ká máa bá a sọ ọ́?

Ó ti rí i. Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n ń fa kọ́tìnnì. Ẹ ní, "Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n díẹ̀?" Bó bá fẹ́ kí wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀, ẹ bá a bẹ nọ́ọ̀sì.

Ọmọdé ńkọ́?

Ẹ má parọ́ fún un pé kò ní dùn ún. Ẹ ní, "Á ta ọ́ díẹ̀, màá di ọwọ́ rẹ mú, a ó kà dé mẹ́wàá." Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ dágbére fún un, kódà bó máa sunkún. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ yọ́ lọ nígbà tó sùn kò ní fẹ́ sùn mọ́.

Ó ti rẹ èmi tí mò ń tọ́jú rẹ̀. Ṣé mo lè sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ sọ ọ́. Mo ń rí yín, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀, tí ẹ fi páálí ṣe ìrọ̀rí, tí ẹ ń jí ní aago márùn-ún lọ pọnmi. Ẹ pín in láàárín ẹbí, kí ẹnì kan má ṣe é ju òru méjì léra lọ. Bí àyà yín bá ń já, ẹ jókòó, ẹ fa èémí sínú pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, ẹ tú u sílẹ̀ títí ẹ ó fi ka mẹ́fà, ẹ ṣe é fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo máa ń kọ́ aláìsàn ní èyí náà. Bí ẹkún bá sì gbọ̀n yín, ẹ wá bá wa ní tábìlì.

Mo fẹ́ lọ kí ẹnì kan lọ́la. Kí ni kí n mú lọ́wọ́?

Ẹ mú awò ojú rẹ̀ tó gbàgbé sílé. Ṣájà fóònù, èyí tí okùn rẹ̀ gùn. Aṣọ ìbora tirẹ̀, tó ń rùn bí ilé. Ìpara tó máa ń fi pa ara. Ẹ mú ìròyìn kékeré wá: ẹni tó bímọ ládùúgbò, adìyẹ tó pa ọmọ, ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ lánàá. Oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Ẹ má kó ènìyàn mẹ́jọ wá lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ fa àga sún mọ́ ọn, ẹ kí i. Yóò ní, "A dúpẹ́." Ẹ ṣì jókòó.